Oṣù Mẹ́sàn-án Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ń So Átọ́ọ̀mù Rọ̀

Láti ìgbà tí mo ti dé, n kò lè rìn láti Fádèyí dé Ọbaníkòró kí ẹnìkan má dá mi dúró pé, "Ìlú òyìnbó ńkọ́? Ṣé ó dùn?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní ó dùn gan-an. Irọ́ ni. Òòrùn ń mú, ẹni tó béèrè ń kánjú, mo sì mọ̀ pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló fẹ́ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ti ìwé yìí kò kánjú. Ẹ̀yin ni n ó sọ òtítọ́ fún: kò dùn. Wọ́n rẹ́ mi jẹ, wọ́n fojú kéré mi, wọ́n sì fi ẹ̀rín músẹ́ ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ka ohun tí wọ́n ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì gbàgbé ẹyọ kan.

Ohun tí mo bá lọ

Sìmíátù ni mí. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó ni bàbá bàbá mi ti ṣí wá sí Ṣómólú, òpópónà Bajulaiye níbẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí, láàárín àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá mi. Kí n tó mọ ABD ni mo ti mọ òórùn yíǹkì. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, ọdún keje sì nìyí tí mo ti ń lé oyè dókítà. Ìṣirò mi ti parí láti ọdún kẹta. Ohun tó kù ni kí n fi ẹ̀rọ wò ó bóyá òótọ́ ni, ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì sí lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi sọ ọ́ fún mi láìfi bò: "Sìmíátù, lọ wọ̀n ọ́n wá. Bí orúkọ rẹ bá ṣíwájú lórí ìwé èsì náà, o di dókítà. Bí kò bá ṣíwájú, ìgbìmọ̀ á ní iṣẹ́ ẹlòmíràn ni, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò. Ọdún méje kì í ṣe ọjọ́ méje." Orúkọ tó gbọ́dọ̀ ṣíwájú yìí ni mo bá lọ. Kì í ṣe òjò dídì ni mo lọ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ń bú ohun tí kò yé mi, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ń gbìyànjú láti kọ́, kúáńtọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Átọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣírò nínú rẹ̀. Wọ́n á mú átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, wọ́n á bó o díẹ̀ kí iná lè di í mú, wọ́n á sì so ó rọ̀ sínú àgbá tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Kò kan ilẹ̀, kò kan ògiri. Lésà ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀: àwọ̀ kan ń mú un jókòó jẹ́ẹ́, àwọ̀ kejì ń bi í ní ìbéèrè, àwọ̀ kẹta ń kọ́ ọ ní iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, dígí àti awò ló máa ń darí àwọn ìmọ́lẹ̀ yìí, wọ́n á kún orí tábìlì tó tó yàrá kan, bí ọkọ̀ ńlá bá sì kọjá lójú títì, gbogbo rẹ̀ á yẹ̀.

Iṣẹ́ tiwa ni láti kó gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì yẹn wọ inú ṣíìpù kan, ẹ̀là gíláàsì tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. A ń la gọ́tà sínú gíláàsì náà, gọ́tà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń ṣàn nínú rẹ̀ dípò omi. Níbi tí gọ́tà bá parí sí, a ó gbẹ́ ìlà wínníwínní bí eyín òòyà. Òun ló ń ta ìmọ́lẹ̀ sókè lọ bá átọ́ọ̀mù níbi tó rọ̀ sí.

Àwọ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan ṣoṣo. Ọmọ atẹ̀wé wo ló nílò àlàyé lórí ìyẹn? Bí búlúù bá fi díẹ̀ yẹ̀ lára pupa lórí kàlẹ́ńdà ìgbéyàwó, ìyàwó á ní imú méjì, ẹbí rẹ̀ á sì wá bá ẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Nínú gbogbo àwa tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ló ti rí ìyàwó onímú-méjì rí. Wọn kò bi mí.

Dídé

Jámánì ni, ìlú kékeré kan létí odò. Mi ò ní sọ orúkọ ìlú náà, torí kò sí ohun tó ṣe fún mi tí màá fi gbé e ga.

Ọkùnrin tó wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin ń jẹ́ Tọ́másì. Òun ló ń bójú tó gbogbo àwòrán tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń gbẹ́ ṣíìpù. Òjò dídì ń bọ̀ wẹẹrẹwẹ, eyín mi ń gbá ara wọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nílẹ̀ wọn ni pé, "O pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́fà."

Mo ní, "Ọkọ̀ ojú irin yín ló pẹ́."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́fà." Lẹ́yìn náà ló bi mí lórúkọ. Mo sọ fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Simi. Simi rọrùn."

Ó rọrùn fún ta ni? Bàbá mi pa àgbò sí orúkọ yẹn, ọkùnrin yìí gé e sí méjì lórí ìdúró.

Yàrá tí wọ́n gbà fún mi wà lókè ilé ìyá àgbà kan, Màmá Hẹ́lígà. Kò tíì ní kí n jókòó tó fi fún mi ní ìwé òfin ilé. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí n máa ṣí fèrèsé gbayawu, nínú òtútù tó lè pa ẹja, kí ògiri lè mí. Ògiri! Ènìyàn ń gbọ̀n, wọ́n ń ṣàánú ògiri. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo gbé odó kékeré tí ìyá mi dì fún mi jáde, mo ń gún ata. N kò tíì gún un ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ tí Màmá Hẹ́lígà fi kan ilẹ̀kùn.

"Ọjọ́ ìsinmi ni òní."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Ata lásán ni mo ń gún."

"Kí ata náà sinmi."

Ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí mo fi gbé odó padà sínú àpótí. Mo jẹ bọ́tà àti búrẹ́dì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn náà, búrẹ́dì tútù ni wọ́n ń jẹ lálẹ́, lójoojúmọ́, bí ẹni tí wọ́n fi ṣèdájọ́.

Ẹ̀yin ń sọ pé wọ́n ń pa òfin mọ́. Mo rí i. Mo dúró lójú pópó kan tí iná rẹ̀ pupa, tí kò sí ọkọ̀ lókè, tí kò sí ọkọ̀ nísàlẹ̀, tí ènìyàn mẹ́jọ sì tò síbẹ̀ bí ère. Mo sọdá. Ohùn obìnrin kan tẹ̀lé mi dé òdìkejì: "Bí ọmọdé bá rí ẹ ńkọ́?" Mo yíjú wò. Kò sí ọmọdé kankan. Ọmọdé tí kò sí níbẹ̀ ní ìyọ́nú lójú wọn ju èmi tí mo wà níbẹ̀ lọ.

Nídìí oúnjẹ

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni wọ́n ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́, ebi pa wọ́n o, kò pa wọ́n o. Ọ̀gá ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọ́lítà, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé, irun rẹ̀ funfun láú. Mo rí ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n tó ń kígbe lórí tábìlì pé, "Wọ́lítà, na iyọ̀ sí mi." Wọ́lítà sì nà án. Èmi ò lè pè é bẹ́ẹ̀, ahọ́n mi kọ̀. "Ọ̀gá" ni mo ń pè é títí mo fi kúrò, wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ràn ipò. Mi ò fẹ́ràn ipò. Ilé wa ni mo ti wá.

Mo sọ fún wọn ní ọjọ́ kìíní pé mùsùlùmí ni mí, n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Gbogbo wọn mi orí. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá, mo rí ohun tó ń léfòó nínú rẹ̀. Tọ́másì ní, "Ó kéré. Yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Mo ní, "Tí eku bá kú sínú kànga yín, ṣé ẹ máa yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ sì mu omi ni?"

Ó ní, "A kì í ní kànga mọ́."

Ẹ rí irú ènìyàn tí mò ń bá jà.

Èyí tó tún wá burú ni ti ọjọ́ ìbí mi. Láti àárọ̀ ni mo ti rí i pé wọ́n ń yọjú sí yàrá iṣẹ́ mi, wọ́n á wo orí tábìlì, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n ń pète nǹkan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Wọ́lítà fúnra rẹ̀ wá. "Simi, kéèkì dà?"

"Kéèkì wo, Ọ̀gá?"

"Ti ọjọ́ ìbí rẹ. A ti ń dúró láti òwúrọ̀."

Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé nílẹ̀ wọn, ẹni tí wọ́n bí lónìí ló ń ṣe àwọn yòókù lálejò. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó jẹ gbèsè oúnjẹ. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni onílé ń fi ẹnu tirẹ̀ ṣe?

Lẹ́tà tí wọ́n yọ

Ẹ wá gbọ́ ọ̀ràn gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti béèrè lọ́wọ́ Wọ́lítà, jẹ́jẹ́, pé orúkọ ta ni yóò ṣíwájú lórí ìwé èsì. Ó ní, "Ẹni tó ya ṣíìpù ló ń ṣíwájú. Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é." Mo dúpẹ́. Mo jókòó, mo ya á fún oṣù méjì. Àwòrán mẹ́ta ni, ìkan lórí ìkan: ti irin tó ń gbé átọ́ọ̀mù sókè, ti gọ́tà búlúù àti pupa, àti ti gọ́tà àwọ̀ kẹta, èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Fíìmù àwọ̀ kankan, ọ̀rá tí a fi ń tẹ àwọ̀ kan sórí bébà, kò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì láìjẹ́ pé a kọ lẹ́tà kan sí igun rẹ̀. Fíìmù hàn gbangba, ojú méjèèjì rẹ̀ jọra, àṣìṣe ọwọ́ kan ló sì lè fi í lélẹ̀ lódì. Bí o bá lè ka lẹ́tà náà, ó dára. Bí lẹ́tà náà bá kẹ̀yìn sí ẹ, yí i padà kí o tó ba bébà ọlọ́jà jẹ́. Gbogbo Ṣómólú ló mọ èyí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà mo kọ lẹ́tà kan sí igun àwòrán kọ̀ọ̀kan. Tọ́másì pè mí wá sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Kí nìyí?"

"Lẹ́tà ni. Kí ẹ lè mọ ojú tó wà lókè."

"Kò ṣe nǹkan kan nínú ṣíìpù."

"Kò ṣe nǹkan kan nínú ṣíìpù. Ojú yín ló wà fún."

Ó rẹ́rìn-ín. "Simi, kọ̀ǹpútà ló ń fi í ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kì í yí nǹkan padà. A kì í fi ọ̀ṣọ́ sórí ṣíìpù níbí."

Ọ̀ṣọ́! Mo ní kó má yọ ọ́. Ó ní ó ti gbọ́. Lédè wọn, "mo ti gbọ́" kò túmọ̀ sí "màá ṣe é", ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn. Ó yọ lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ń gba tiwa.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ṣíìpù dé. A gbé e sínú àgbá, a fa afẹ́fẹ́ jáde, a so átọ́ọ̀mù rọ̀. Lójú ẹ̀rọ àwòrán, átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo dà bí àmì kan tó ń tàn lójú dúdú. Ó rẹwà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Búlúù bá a. Pupa bá a. A tan àwọ̀ kẹta. Kò sí nǹkan kan. A tún tan án. Fún ọjọ́ mẹ́rin, a ń tan án, átọ́ọ̀mù kò gbọ́ ohun kankan.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbé èyí tó ṣẹ́kù nínú àwọn ṣíìpù náà sábẹ́ ẹ̀rọ awò. Eyín òòyà àwọ̀ kẹta, tó yẹ kó wà lápá òsì, apá ọ̀tún ló wà. Wọ́n ti yí àwòrán rẹ̀ padà lódì, bí fíìmù tí kò ní lẹ́tà. Ọ̀gbẹ́ni kọ̀ǹpútà-kì-í-yí-nǹkan-padà!

Àṣìṣe tí kò ní bàbá

Wọ́lítà pe ìpàdé. Tọ́másì dìde, ó ní, "Àṣìṣe kan ti wáyé nínú àwòrán Simi."

Mo ní, "Ta ló ṣe é?"

"Ó wáyé."

"Mo gbọ́ pé ó wáyé. Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló rìn wá ni?"

Nílẹ̀ wọn, ìwà burúkú ni kí o béèrè ẹni tó ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ wọn kún fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀: a yọ lẹ́tà, a fi àwòrán ránṣẹ́, a pàdánù ọdún kan. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀bi ń wá ilé, orúkọ mi ni wọ́n rántí, wọ́n sì pè é kedere: "àwòrán Simi."

Mo ti tẹ àwòrán tèmi tó ní lẹ́tà sórí ọ̀rá, mo tẹ èyí tí Tọ́másì fi ránṣẹ́ náà. Mo dìde, mo lẹ méjèèjì mọ́ gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gbà á kọjá, bí bàbá mi ti ń ṣe. Ìkan lórí ìkan. Ọmọ ọdún márùn-ún á rí i. Tèmi kọjú síbí, tirẹ̀ kọjú sọ́hùn-ún, igun tirẹ̀ sì mọ́ láìní lẹ́tà kankan.

Wọ́lítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún fi í sójú. Ó ní, "Ó wuni láti mọ̀."

Mo dúró. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wo iwájú."

Wọ́n sì fi ìka kan tábìlì kó kó kó, gbogbo wọn, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Mo yíjú wo ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ pé bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Ìpàtẹ́wọ́ fún kí ni?

Mo lọ bá Wọ́lítà lẹ́yìn ìpàdé. Mo ní, "Ọ̀gá, ìlérí nípa orúkọ mi ńkọ́?" Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo sọ ọ́ nìyẹn, jẹ́jẹ́ náà ni.

Ó ní, "Simi, kí la fẹ́ kọ orúkọ sí? Ṣíìpù kò ṣiṣẹ́."

Kí bébà lọ bá àwọ̀

Mo pe bàbá mi lórí fóònù. Oṣù mẹ́ta péré ló kù fún mi níbẹ̀, ọdún méje mi sì ti rọ̀ sófurufú bí átọ́ọ̀mù wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún atẹ̀wé. Mo ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n yọ lẹ́tà?"

"Wọ́n yọ ọ́, Bàámi."

"Wọ́n mà gọ̀ o. Àwọ̀ méjì wà níbi kan, ìkẹta wà níbòmíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bébà yín, ṣé kò lè rìn ni?"

"Ẹ gbọ́, Bàámi, átọ́ọ̀mù ni, kì í ṣe bébà."

"Mo bi ẹ́ ni: ṣé kò lè rìn? Sìmíátù, ẹ̀rọ aláwọ̀ kan ni mo fi tọ́ ọ dàgbà. Ṣé àwọ̀ mẹ́rin ló máa ń wá bá bébà lẹ́ẹ̀kan náà ni? Bébà ló ń lọ bá wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé wọn ò kọ́ yín ní yunifásítì ni?"

Wọ́n kọ́ wa. Irin tó wà lójú ṣíìpù pín sí ẹ̀là wẹ́wẹ́, bí a bá sì ń yí iná ọ̀kọ̀ọ̀kan padà díẹ̀díẹ̀, átọ́ọ̀mù á máa sún láti orí ìkan bọ́ sí orí èkejì láìkan ilẹ̀. Gbogbo wa ló mọ èyí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ti jókòó, a ń sunkún pé àwọ̀ kẹta kò wá.

Mo bẹ̀rẹ̀. Tọ́másì ní kò lè ṣeé ṣe, lẹ́yìn náà ó ní kò yẹ ní ṣíṣe, lẹ́yìn náà ó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta létí òkun. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo sọ átọ́ọ̀mù nù lọ́pọ̀ ìgbà tí n kò kà mọ́. Òṣùwọ̀n iná tí mo fi sún un lánàá kì í ṣiṣẹ́ lónìí, ó sì gbà mí ní àkókò kí n tó mọ ìdí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú gíláàsì kọjá máa ń fi iná díẹ̀ sílẹ̀ lójú gíláàsì náà, iná yẹn sì ń ti átọ́ọ̀mù kúrò lójú ọ̀nà. Lójoojúmọ́ ló ń yàtọ̀. Bébà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: lásìkò òjò á fẹ̀, lásìkò ọyẹ́ á sún kì, òṣìṣẹ́ tó bá mọ iṣẹ́ kì í fi òṣùwọ̀n àná tẹ iṣẹ́ òní. Mo ń tan ìmọ́lẹ̀ láràárọ̀, mo ń jẹ́ kí gíláàsì náà gbóná, mo ń wo ibi tí átọ́ọ̀mù tẹ̀ sí, n ó wá tún iná irin kọ̀ọ̀kan ṣe.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó kúrò lábẹ́ búlúù àti pupa, ó lọ bá àwọ̀ kẹta, ó gbọ́ ohun tó sọ, ó sì padà wá jíṣẹ́ fún mi láìgbàgbé. Mo ṣe é nígbà igba. Ìṣirò ọdún kẹta mi bá a mu. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá náà, mo sì jó.

Mo mú èsì lọ fún Wọ́lítà. Ó kà á, ó tún un kà. Mo ní, "Ọ̀gá, ó ti wá ní ohun tí a lè kọ orúkọ sí." Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn, jẹ́jẹ́.

Ó ní, "Dájúdájú, dájúdájú."

Orúkọ

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo máa kúrò, àlejò mẹ́ta wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba wọn, àwọn tó ń pinnu bóyá iṣẹ́ Wọ́lítà á tẹ̀síwájú. A kó ara wa jọ sí yàrá ẹ̀rọ. Tọ́másì ti fi ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé èsì náà hàn lára ògiri. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣíwájú. Wọ́lítà ló kẹ́yìn. Láàárín wọn, ènìyàn mẹ́rin tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí. Mo wá ara mi títí. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ "Simi, fún ìrànlọ́wọ́ rẹ̀," lẹ́yìn ọkùnrin tó ń gbé gáàsì wá.

Ọdún méje.

Wọ́lítà rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. "A ó wá fi átọ́ọ̀mù tó ń rìn hàn yín." Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo fà sẹ́yìn kúrò nídìí ẹ̀rọ. Mo ní, "Ẹni tó ṣíwájú ni kó ṣe é."

Tọ́másì wò mí. Ó jókòó. Ó ní, "Kò sí wàhálà, òṣùwọ̀n rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà." Ó ṣí òṣùwọ̀n àná, ó tẹ bọ́tìnnì. Àmì tó ń tàn yẹn sún díẹ̀, ó gbọ̀n, ó sì pòórá.

Ó so òmíràn rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó pòórá.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀kan nínú àwọn àlejò, obìnrin kan tó ní ojú tó mú, béèrè pé, "Ibo ló lọ?"

Tọ́másì ní, "Ó sọnù."

Mo ní, "Ó sọnù fúnra rẹ̀ ni, Mà. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe máa ń wáyé níbí."

Etí Tọ́másì pupa. Wọ́lítà sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Simi, jọ̀ọ́."

"Sìmíátù."

"Sìmíátù. Jọ̀ọ́."

"Ọ̀gá, ta ló ya ṣíìpù yìí?"

"Ká sọ ọ́ tó bá yá, lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ."

"Mo ti sọ ọ́ fún yín jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé. Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹni tó ya ṣíìpù ló ń ṣíwájú. Ta ló ya á?"

Mo káwọ́ lẹ́rán. Gbogbo yàrá ń wo ojú ẹ̀rọ dúdú tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, àwọn tí wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Obìnrin àlejò náà wo ògiri, ó wo èmi, ó tún wo ògiri. Ó bi Wọ́lítà pé, "Orúkọ rẹ̀ dà níbẹ̀?"

Wọ́lítà rìn lọ sídìí kọ̀ǹpútà Tọ́másì. Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìka kan, ó lọ́ra. Mo pe lẹ́tà orúkọ mi fún un lọ́kọ̀ọ̀kan láìkánjú, àti orúkọ bàbá mi tó tẹ̀lé e. Ó gbé e sókè pátápátá. Tọ́másì bọ́ sí ìkejì. N kò sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Kó wà níbẹ̀, kó máa wo ẹ̀yìn mi.

Mo jókòó. Mo tan ìmọ́lẹ̀, mo jẹ́ kí gíláàsì náà gbóná, àwọn èèyàn ńlá wọ̀nyí sì dúró tì mí. Mo so átọ́ọ̀mù kan rọ̀. Mo wo ibi tó tẹ̀ sí, mo tún iná ṣe. Ó tàn, ó lọ, ó bọ̀.

Tọ́másì sìn mí dé ibùdókọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Ó ní ǹ bá ti sọ ọ́ láìdójú tì wọ́n. Mo ní ọkọ̀ mi ti dé.

Ìgbìmọ̀ yunifásítì wa ka ìwé náà, wọ́n bi mí ní ìbéèrè fún odindi ọ̀sán kan, wọ́n sì fún mi ní oyè náà. Dókítà ni mí báyìí, ẹ lè béèrè ní Bajulaiye. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń bẹ̀ mí lẹ́yìn ìrun pé, "Sìmíátù, o ti rí ohun tí o ń wá. Dárí jì wọ́n, kí ọkàn rẹ lè fúyẹ́."

Mo sọ fún un pé, "Kò ṣòro, Màámi. Kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ ìdáríjì."